Oúnjẹ Ààfáà: Ìtàn Sàráà àti Wólíímọ̀ ní Òkè-Ògùn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ máa ń bi mí léèrè pé báwo ni a ṣe lè rí ìtàn nínú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lẹ́nu lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ òní kàn yín gan-an.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni wólíímọ̀. Bí ènìyàn bá gbọ́ ọ ní Ìṣẹ́yìn, ní Ṣakí, ní Òkèihò tàbí ní Ìgbòho, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ọmọ kan tó wé láwàní, tó jókòó síwájú àwọn àgbà, tó ń ké Àlùkùránì sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ni. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi ẹni tó gbọ́ èdè Lárúbáwá dáadáa ní ìtumọ̀ walīma. Yóò sọ fún yín pé oúnjẹ àsè ni, pàápàá jù lọ oúnjẹ ìgbéyàwó. Kò sí ìwé nínú ìtumọ̀ náà, kò sí olùkọ́, kò sí akẹ́kọ̀ọ́. Àwa náà ṣì ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún ti ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ti ọmọ kéú ni a mọ̀ ọ́n mọ́ jù lọ. Báwo wá ni orúkọ oúnjẹ ṣe di orúkọ ayẹyẹ ìwé kíkà ní ilẹ̀ wa?

Ìdáhùn tèmi ni pé nílé kéú àtijọ́, oúnjẹ kì í ṣe àfikún sí ayẹyẹ. Oúnjẹ ni ayẹyẹ náà gan-an. Òun ni a fi ń bu ọlá fún olùkọ́, òun ni a fi ń san díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ni a sì fi ń pe àdúgbò wá jẹ́rìí pé ọmọ ti mọ ìwé. Bí a kò bá mọ ìtàn yìí, a ó máa ṣe ayẹyẹ náà lọ láìmọ ohun tí a ń ṣe. Ẹ ó rí i níwájú pé ewu wà nínú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Òkè-Ògùn àti bí ẹ̀kọ́ kéú ṣe dé ibẹ̀

Òkè-Ògùn ni a ń pe ilẹ̀ tó wà ní òkè odò Ògùn, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, 10 ni ó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, kì í ṣe ilẹ̀ igbó kìjikìji. Iṣu ń ta níbẹ̀, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí náà ń ṣe dáadáa, àwọn Fúlàní sì ń da màlúù nínú koríko rẹ̀. Ìṣẹ́yìn, ìlú Asẹ́yìn, wà lẹ́bàá òkè Ẹ̀bẹ̀dí, òkìkí aṣọ òfì rẹ̀ sì kàn káàkiri. Ṣakí, ìlú Ọ̀kẹ̀rẹ̀, wà lẹ́bàá òkè Àṣàbàrí. Ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbà bọ̀ láti àríwá àti láti ilẹ̀ Bàrùbá gba àgbègbè yìí kọjá nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà. Ọ̀nà yẹn náà ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbà wọlé.

Àwọn tó ń kọ ìtàn sábà máa ń fi mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́ ní Ìṣẹ́yìn sí ọdún 1760, ti Ṣakí sì sí ọdún 1790. Ẹ kíyè sí i pé ọdún 1804 ni Shehu Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ jìháàdì ní ilẹ̀ Haúsá. Bí ọdún méjèèjì yìí bá tọ̀nà, a jẹ́ pé mọ́ṣáláṣí ti wà ní Òkè-Ògùn kí jìháàdì tó bẹ̀rẹ̀, àti kí Ìlọrin tó di ìlú ẹlẹ́mìírì.

Èdè pàápàá ń jẹ́rìí sí èyí. Ní ọdún 1988, onímọ̀ ará Jámánì kan, Stefan Reichmuth, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí àwọn ọ̀rọ̀ Songhay tó wà nínú èdè Yorùbá. Songhay ni èdè àwọn ènìyàn tó ní ìlú Gao, àwọn tí ìjọba ńlá wọn tún jọba lé Timbuktu lórí, kí ọmọ ogun Mòrókò tó ṣẹ́gun wọn ní ọdún 1591. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ ilé kéú wa. Àlùfáà, tí a ń gé kúrú sí ààfáà, bá alfa ti Songhay mu. Kéú jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìwé kíkà. Wàláà ni pátákó tí ọmọ ń kọ̀wé sí. Hàntú, omi tí a fi fọ ẹsẹ̀ Àlùkùránì kúrò lára wàláà, jọ hantum tiwọn, èyí tó túmọ̀ sí kíkọ̀wé. Sàráà, tí orísun rẹ̀ jẹ́ ṣadaqa ti Lárúbáwá, wà nínú ẹgbẹ́ yìí kan náà. Èyí fi hàn pé láti ìhà Màlì ni púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wa àkọ́kọ́ ti gba ẹ̀kọ́, kì í ṣe láti ilẹ̀ Haúsá nìkan. Sàráà, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ, sì bá àwọn ọ̀rọ̀ ìwé rìn wọlé ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jọ wà pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Ọmọ Òkè-Ògùn ni Samuel Ajayi Crowther. Òṣogùn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú un lẹ́rú ní ọdún 1821. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837 nípa ìgbà náà, ó sọ pé Ìṣẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn lọ. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá wá jáde, tí òun jẹ́ òpómúléró nínú ìtumọ̀ rẹ̀, àlùfáà ni a pe òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú rẹ̀, àdúrà ni a sì pe ẹ̀bẹ̀ sí Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ilé kéú ni méjèèjì. Nítorí náà, ẹ̀yin Kristẹni tó ń ka àpilẹ̀kọ yìí, ẹ má ṣe rò pé ìtàn ẹlòmíràn ni mo ń sọ.

Ohun tí ọmọ kéú ń gbé lọ sọ́dọ̀ olùkọ́

Ilé kéú àtijọ́ kò ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé tó yàtọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfáà ni, tàbí abẹ́ igi, tàbí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ọmọ á mú wàláà, kálámù àti tàdáwà, á jókòó sórí ẹní tàbí awọ ẹran. Ààfáà kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba kankan. Ní Ìṣẹ́yìn, ẹ lè rí ààfáà tó jókòó sídìí òfì, tó ń hun aṣọ, tí àwọn ọmọ sì yí i ká tí wọ́n ń ké kéú. Bí ọmọ kan bá ṣì í kà, á gbọ́ ọ láìgbé ojú kúrò lára òwú. Àwọn ààfáà mìíràn ń dáko, àwọn ọmọ kéú tó ti dàgbà díẹ̀ sì máa ń bá wọn roko.

Báwo wá ni olùkọ́ ṣe ń jẹun? Ọ̀nà pọ̀. Àkọ́kọ́ ni owó Àlàrùba. Àlàrùba ni àwọn Mùsùlùmí ń pe Ọjọ́rú. Ọjọ́ náà ni ọ̀sẹ̀ ìwé ń parí, nítorí pé Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ ni ìsinmi. Ọmọ á mú nǹkan kékeré lọ́wọ́: owó ẹyọ láyé àtijọ́, pẹ́nì nígbà tí òyìnbó dé, kọ́bọ̀ lẹ́yìn tí náírà dé ní ọdún 1973. Ọ̀nà kejì ni igi ìdáná. Ọmọ á ṣẹ́gi wá láti oko, a ó fi dáná ní ìdájí àti ní alẹ́ kí a lè rí wàláà kà, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù á di ti ìyàwó ààfáà nínú ààrò. Ọ̀nà kẹta ni irè oko: iṣu tuntun, àgbàdo, èlùbọ́. Ní ìparí oṣù Ramadan, àwọn ènìyàn ń wọn ọkà fún jákà, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin-mẹ́rin fún orí kọ̀ọ̀kan nínú ilé, ààfáà tó jẹ́ aláìní sì lè rí tirẹ̀ gbà níbẹ̀. Ní Iléyá, ẹran ń dé ilé rẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin ni sàráà àwọn ìpele ìwé. Ọmọ kéú kì í dúró di ọjọ́ tí yóò parí Àlùkùránì kí a tó dáná. Ìwé náà ní ibi ìsinmi. Bí ọmọ bá ti mọ Fátíà àti àwọn súrà kéékèèké tó wà ní ìparí Àlùkùránì, títí dé Alamutara, èyí tí í ṣe súrà Erin, ìyá rẹ̀ á se nǹkan. Bí ó bá tún rìn síwájú, wọ́n á tún se nǹkan. Ibi tí a ti ń dúró àti ohun tí a ń sè yàtọ̀ láti ilé kéú kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ìlànà náà jẹ́ ọ̀kan: bí ìwé bá ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ń ga. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀wà sísè, kí ó dé orí adìyẹ, kí ó sì parí sí orí àgbò.

Ìlànà yìí kò ṣàdédé hù ní Òkè-Ògùn. Ní ìlú Kairouan ní ilẹ̀ Tùnísíà, ọ̀mọ̀wé kan wà tí ń jẹ́ Muhammad ibn Sahnun, tó kú ní ọdún 870. Ó kọ ìwé kékeré kan lórí ìwà àti ẹ̀tọ́ àwọn olùkọ́ ọmọdé. Ìlànà Maliki ni ó ń tẹ̀ lé, òun náà sì ni ìlànà tó gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí di òní. Ìwé náà jẹ́ kó yé wa pé olùkọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan nígbà tí ọmọ bá parí Àlùkùránì. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ di ẹrù mìíràn lé àwọn ọmọ lórí ju owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ì báà jẹ́ ẹ̀bùn tàbí ohun mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn ìkẹyìn yìí sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Ìkòkò sàráà

Kí ni a ń sè? Oúnjẹ ilẹ̀ wa ni. Oúnjẹ sàráà tó wọ́pọ̀ jù ni àkàrà. A ó rẹ ẹ̀wà, a ó bó èèpo rẹ̀, a ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, a ó pò ó kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ kí ó lè fẹ́lẹ́, a ó sì dín in. Ẹ̀kọ ni a fi ń jẹ ẹ́. Mọ́sà ń tẹ̀ lé e. A ó rẹ àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó jẹ́ kí ó kan díẹ̀ mọ́jú, a ó wá dín in róbótó-róbótó. Mọ́ínmọ́ín àti èkuru wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọjọ́ bá jẹ́ ọjọ́ ńlá, a ó ro àmàlà. Ìdí nìyí tí èlùbọ́ Òkè-Ògùn fi ní orúkọ: iṣu pọ̀, àpáta sì wà tí a lè sá a sí. Àwọn obìnrin á bọ iṣu tí wọ́n ti bẹ, wọ́n á sá a sórí àpáta gbígbóná títí yóò fi gbẹ ganrangan. Gbẹ̀gìrì àti ewédú ni ọbẹ̀ rẹ̀.

Wàrà jẹ́ ti àwọn Fúlàní. Àwọn obìnrin wọn ń fi oje ewé bomubómu mú wàrà dì, wọ́n ń gbé e wá sí ọjà, àwa sì ń dín in tàbí kí a sè é sínú ọbẹ̀. Mi ò mọ ọjọ́ ńlá kan nígbà èwe mi tí wàrà kò sí níbẹ̀. Ẹ rí i pé àwo sàráà kan ṣoṣo lè kó àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran jọ, kódà ní ọdún tí ìjà ilẹ̀ bá wà láàárín wọn.

Obìnrin kan kò lè dá sàráà sè. Ìyá ọmọ ló ni ìkòkò, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé ló ni iṣẹ́. Láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti ń bó ẹ̀wà, wọ́n á sì wà nídìí ààrò títí di ìdájí. Ìkọ́mọ ni ibi náà jẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin. Bí ọmọkùnrin ṣe ń kọ́ ìwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin ń kọ́ bí a ti ń bọ́ àwùjọ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́: ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin kò rí àyè dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn láyé àtijọ́. Lóde òní wọ́n ń jókòó sí ìlà iwájú níbi wólíímọ̀, inú mi sì ń dùn sí i.

Bí oúnjẹ bá délẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ọmọ á kàwé. Ààfáà á gbọ́, á tún ẹnu rẹ̀ ṣe níbi tó bá yẹ, á sì ṣe àdúrà. Fátíà á tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni a ó pín in: ti ààfáà kọ́kọ́, ti àwọn àgbà, ti àwọn ọmọ kéú, ti aládùúgbò, ti ẹni tó ń kọjá lọ. Àwọn aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí ń gba tiwọn. Àwo tó dé ilé kọ̀ọ̀kan ń gbé ìròyìn kan náà dé: ọmọ lágbájá ti mọ ìwé.

Ohun tí ojú mi rí

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi díẹ̀. Ọmọ kéú ni mí kí n tó di ọmọ yunifásítì. Ọdún tí ó yẹ kí n ṣe wólíímọ̀ ni bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Owó oògùn ti gbé ohun gbogbo lọ nínú ilé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta ti ní àgbò lórí ìso. Ìtìjú mú mi. Mo sọ fún ìyá mi pé kí a sún tèmi sí ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá mi kò dá mi lóhùn. Lẹ́yìn ìrun Íṣáì ó mú mi lọ́wọ́, a lọ sílé ààfáà. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Ààfáà gbọ́ tán, ó ní:

“Ìyá ọmọ, ṣé ẹ̀wà wà nílé?”

“Ó wà, Ààfáà. Kóńgò méjì péré ni.”

“Ẹ dín in ní àkàrà. Ẹni tó bá ti jẹ, ó ti jẹ́rìí.”

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ wo bí ọkùnrin náà ṣe fi èdè ṣeré. Jẹ àti jẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn wọn yàtọ̀, orírun wọn sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀kan ti èkejì lẹ́yìn, ó sì fi gbólóhùn kan ṣàlàyé ohun tí èmi ń fi ojú ewé púpọ̀ sọ fún yín lónìí. Oúnjẹ wólíímọ̀ kì í ṣe iye owó rẹ̀. Ẹ̀rí ni.

A dín àkàrà náà. Ó kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, aládùúgbò wa kan gbé iṣu márùn-ún wá, obìnrin Fúlàní tí ìyá mi máa ń ra wàrà lọ́wọ́ rẹ̀ gbé igbá wàrà kan wá, kò sì gbowó. Ahunṣọ kan fún mi ní fìlà òfì. Mo kàwé pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, lórí ẹní kan náà. Nígbà tí a pa àgbò àwọn tó kù, ààfáà ní kí wọ́n bu ẹran sí àwo àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà. Bàbá mi gbọ́ ohùn mi láti orí ibùsùn rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ kò jìnnà. Ó sọ fún mi pé mo ṣi ibì kan kà. Òtítọ́ ni ó sọ.

Ohun tó ti yí padà

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni òwúrọ̀ ti di ti sùkúrù, tí kéú sì bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, ti ń kọ́ ilé ìwé tó da ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀, òun náà sì dé Ṣakí. Sheikh Adam Abdullah al-Ilory dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní ọdún 1955. Níbẹ̀ ni kíláàsì, bẹ́ńṣì, ìdánwò lórí ìwé àti ìwé ẹ̀rí ti gba ipò wàláà. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà tàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n dá ilé kéú tuntun sílẹ̀, ìlànà náà sì dé Òkè-Ògùn.

Ire wà nínú èyí. Ọmọ ń mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń kà, olùkọ́ sì ń gba owó tó níye. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ẹ̀rí dé, oúnjẹ kò jẹ́ ẹ̀rí mọ́. Pépà ti gba iṣẹ́ àkàrà. Oúnjẹ kò kúrò nílẹ̀ ṣá o. Ó dúró, ṣùgbọ́n ó di ọ̀ṣọ́. Ìrẹsì nínú kúlà, kéèkì, ankara, àgọ́ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni ó gba ipò mọ́sà. Àwọn alásè tí a háyà ni ó gba ipò àwọn ìyàwó ilé.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí síbi wólíímọ̀ kan. Mi ò ní sọ ìlú, mi ò ní dárúkọ ilé kéú náà. Ọmọ bí ogún ni ó jókòó lábẹ́ àgọ́, gbogbo wọn wọ aṣọ kan náà. Mo rí ọmọ mẹ́ta lábẹ́ igi dóńgóyárò, lẹ́yìn àgọ́, nínú aṣọ ojoojúmọ́. Bí àwọn tó wà lábẹ́ àgọ́ ṣe ń kàwé, àwọn mẹ́ta náà ń kà á tẹ̀ lé wọn láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Wọn kò ṣì í rárá. Mo béèrè. Wọ́n ní àwọn òbí wọn kò tíì san owó oúnjẹ àti owó aṣọ.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Àwọn tó ṣètò kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n fẹ́ bu ọlá fún olùkọ́, wọ́n sì fẹ́ kí ayẹyẹ náà dára. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbàgbé ohun tí oúnjẹ náà wà fún. Oúnjẹ tó yẹ kó pe gbogbo ènìyàn wọlé láti wá jẹ́rìí, òun ló lé ọmọ tó mọ ìwé síta. Ẹ rántí ohun tí Ibn Sahnun sọ ní Kairouan ní ohun tó lé ní 1,100 ọdún sẹ́yìn.

Àwọn ẹlòmíràn láyé

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń fi oúnjẹ bọlá fún olùkọ́. Ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Guru Purnima. Ọjọ́ òṣùpá àrànmọ́jú ni, láàárín oṣù Òkudù àti Agẹmọ. Guru ni olùkọ́. Ní ọjọ́ náà wọ́n ń rántí Vyasa, ẹni tí wọ́n gbà pé ó ṣètò àwọn ìwé mímọ́ wọn, wọ́n sì ń lọ kí olùkọ́ tiwọn pẹ̀lú òdòdó, èso àti oúnjẹ dídùn. Ọ̀kan nínú oúnjẹ náà ni kheer: ìrẹsì tí a sè nínú wàrà màlúù pẹ̀lú ṣúgà. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e síwájú ohun tí wọ́n ń bọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín in fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni igi ìdáná. Nínú àwọn ìwé àtijọ́ wọn tí a ń pè ní Upanishad, ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀kọ́ máa ń mú igi ìdáná lọ́wọ́ lọ bá olùkọ́. Igi náà ni ó fi ń sọ pé òun ṣetán láti sìn. Ta ni ó sọ fún ọmọ kéú Ìṣẹ́yìn? Kò sí ẹni tó sọ fún un. Kò dá mi lójú pé ẹnì kan kọ́ ẹnì kejì. Ohun tí mo rò ni pé níbikíbi tí olùkọ́ kò bá ti ní owó oṣù, ọmọ á mú iná àti oúnjẹ wá, nítorí pé ohun méjèèjì ni ilé olùkọ́ nílò kí ẹ̀kọ́ tó lè máa lọ.

Lóde òní ayé ti fi ọjọ́ sórí kàlẹ́ńdà. Íńdíà ń ṣe Ọjọ́ Olùkọ́ ní 5 Oṣù Kẹsàn-án láti ọdún 1962, ní ọjọ́ ìbí Sarvepalli Radhakrishnan, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó di ààrẹ orílẹ̀-èdè náà. Gbogbo àgbáyé ń ṣe tirẹ̀ ní 5 Oṣù Kẹwàá láti ọdún 1994, Nàìjíríà náà sì ń ṣe é. Ìpàdé àti ọ̀rọ̀ sísọ máa ń pọ̀ níbẹ̀. Mi ò tako ó. Ṣùgbọ́n ààfáà mi kò ní ọjọ́ kan lórí kàlẹ́ńdà. Gbogbo Àlàrùba ni ọjọ́ tirẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe

Mi ò ní kí a padà sí ayé wàláà. Ẹni tó bá ní àgbò, kí ó pa á. Ẹni tó bá ní kúlà ìrẹsì, kí ó gbé e wá. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju kí a ya oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ìwọlé. Kí ọmọ tó bá ti mọ ìwé jókòó sórí ẹní, kí ìyá rẹ̀ mú ohun tó bá ní wá. Bí kóńgò ẹ̀wà méjì bá tó fún ẹ̀rí nígbà èwe mi, ó yẹ kí ó tó lónìí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tiyín wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ lọ bá àwọn ìyá àgbà tó ti bó ẹ̀wà sàráà rí. Ẹ béèrè orúkọ ìpele kọ̀ọ̀kan nínú ìwé kíké, ẹ béèrè ohun tí a ń sè nígbà tí ọmọ bá dé ibẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ti Ṣakí yóò yàtọ̀ sí ti Ìṣẹ́yìn, ti Kíṣí yóò yàtọ̀ sí ti Ìgànná. Ìyàtọ̀ yẹn ni a nílò. Bí àwọn ìyá wọ̀nyí bá lọ láìsí ẹni tó bi wọ́n, a ó ṣì máa pe ayẹyẹ náà ní wólíímọ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò lè sọ ìdí tí ó fi ń jẹ́ orúkọ oúnjẹ.

Ààfáà mi ti kú. Ìyá mi ṣì wà láyé. Nígbà tí mo ń kọ àpilẹ̀kọ yìí, mo pè é lórí fóònù, mo bi í bóyá ó rántí iye àkàrà tí a dín lọ́jọ́ náà. Ó ní òun kò kà á, nítorí pé a kì í ka sàráà.

Ire o. Ó dìgbà.